Láti gọ́tà ẹnu ọ̀nà yín dé òkun: ohun tí ará Èkó lè ṣe kí òkun wa má bàjẹ́

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ òkun ní Èkó, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Lẹ́kkí ni, tàbí tàwọn apẹja Ìlàjẹ àti Ègùn. Ẹni tó ń gbé ní Mushin, tó ń bá dáńfó lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà láàárọ̀, tó ń padà sílé lálẹ́, lè lo odidi ọdún kan láì fojú kan òkun. Síbẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó bá sọ sílẹ̀ lójú títì lè dé òkun láìpẹ́ láìjìnnà. Òjò ńlá á gbé e wọ gọ́tà, gọ́tà á gbé e fún kánààlì, kánààlì á gbé e fún ọ̀sà, ọ̀sà á sì gbé e fún òkun. Ọ̀nà yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín tọ̀, torí pé ojú ọ̀nà ló ti rọrùn jù láti dá ìbàjẹ́ dúró. Tó bá ti dé agbami, apá ẹnikẹ́ni ò ká a mọ́.

Kí ni òkun ń ṣe fún wa?

Òkun ló bo nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ayé. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bíi ti ewéko orí ilẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó ń jáde láyé, inú òkun ló ti ń wá. Òkun kan náà ló ń gba ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ooru àfikún tí èéfín ọkọ̀, ti ilé iṣẹ́ àti ti jẹnẹrétọ̀ ń há mọ́ ayé. Ká ní kò gbà á ni, ooru oṣù Ẹrẹ́nà tí gbogbo wa ń ráhùn lé lórí ì bá ti kọjá ohun tí ara lè gbà. Àmọ́ omi tó bá gbóná a máa fẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí òkun máa ga sí i, tó sì ń jẹ ilẹ̀ etíkun wa.

Òjò ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti orí Òkun Àtìláńtíìkì ló ń gbé omi tó ń di òjò wá fún wa. Òjò tó rọ̀ sóko ẹ̀gẹ́ ní Ìbàràpá, tí gàárì fi dé Mile 12, orí òkun ló ti gbéra. Ẹ tún wo ìkòkò ọbẹ̀: ṣáwá, kútà, edé, akàn. Ẹ wo èbúté Àpápá àti Tin Can, ibi tí ọ̀pọ̀ ọjà tí à ń tà ní Ìdúmọ̀tà àti Aláàbà ń gbà wọlé. Ẹni tí kò tíì tẹ iyanrìn etíkun rí náà ń jẹ lọ́wọ́ òkun lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: ọ̀sà àti òkun, ọ̀kan náà ni. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Àpápá, láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island, ibẹ̀ ni omi ọ̀sà ń gbà bọ́ sí òkun, ibẹ̀ náà ni omi òkun ń gbà wọ ọ̀sà nígbà tí omi bá kún. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ omi. Ọ̀pọ̀ edé àti ẹja tí wọ́n ń pa lójú òkun, inú ọ̀sà ni wọ́n ti dàgbà. Nítorí náà, ohun tí a bá dà sómi ní Makoko tàbí ní Baríga, òkun la dà á sí.

Ní ti ike, kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn àti ìgbì á máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ títí á fi kéré ju iyọ̀ lọ, ẹja á sì gbé e mì. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 tọ́ọ̀nù ike ló ń wọ inú òkun láyé lọ́dọọdún. Ìjàpá òkun, tó máa ń yé ẹyin sí etíkun Èkó, máa ń jẹ ọ̀rá torí pé ó jọ ẹran omi rírọ̀ tó fi ń ṣe oúnjẹ. Ọ̀rá náà á dí i nífun, á kú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ gọ́tà yín dé òpin

Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀. Ẹ jáde sẹ́nu géètì, ẹ wo apá ibi tí omi gọ́tà dojú kọ, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé e. Ẹ wo ibi tó ti já sí gọ́tà ńlá, àti ibi tí gọ́tà ńlá ti já sí kánààlì. Ẹni tó ń gbé ní Òjótà á bá Odò Ìyá Aláró pàdé, tó ń gba apá Ògùdù lọ sí ọ̀sà. Ẹni tó ń gbé lápá Yábàá á rí i pé ọ̀nà ń dà sí Ìwàyà àti Makoko. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà náà ò gùn rárá, torí pé láti Ìdúmọ̀tà, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń rìn dé etí omi ní Marina.

Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ fi fóònù ya ibi tí pàǹtí ti ń dì, ibi tí ìdérí gọ́tà ti fọ́, àti ibi táwọn èèyàn ti ń da ilẹ̀. Ẹ tọ́jú fọ́tò wọ̀nyí. Mo máa sọ ohun tí ẹ máa fi wọ́n ṣe tó bá yá.

Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ọmọ tó bá ti fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan, tó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀rá bisikíìtì ń lọ, ó máa ń ṣòro fún un láti sọ ọ̀rá sílẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: bí a ṣe ń kó gọ́tà tí kò fi ní padà síbẹ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe wa pọ̀ sí. Gbogbo wa la mọ bí ó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gbé ṣọ́bìrì, wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn jáde, tòun ti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí yẹ̀pẹ̀ ti kún inú rẹ̀, ìdérí ìgò, bébà bisikíìtì àti irun àtọwọ́dá láti ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ sétí gọ́tà níbẹ̀, wọ́n á fọwọ́, wọ́n á lọ. Ó di ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, òkìtì náà á wó padà sínú gọ́tà, àgbàrá á sì gbé èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀rá àti ike ló fúyẹ́ jù, àwọn ló sì ń kọ́kọ́ dé ọ̀sà. A ṣiṣẹ́, àmọ́ òkun ò jàǹfààní iṣẹ́ náà.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é rèé. Ẹ kó gọ́tà kí òjò tó mú lọ́wọ́, ìyẹn ṣáájú oṣù Èbìbí, kí ẹ sì tún un kó nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, kí òjò Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó dé. Ẹ wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí ìgò fífọ́ àti abẹ́rẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹ tó ki ṣọ́bìrì bọ ẹrẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ráákì ṣa ọ̀rá àti ike ojú omi jáde, kí ẹ dà wọ́n sínú àpò ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kó ẹrẹ̀. Ẹ dà á sórí tapólì tí ẹ tẹ́ sápá ibi tó ga díẹ̀, kí omi ro kúrò lára rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ tutù wúwo púpọ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbé e. Tó bá ti gbẹ díẹ̀, ẹ dì í sínú àpò ìrẹsì tàbí àpò sìmẹ́ǹtì, ẹ má kún un ju ìdajì lọ, ẹ so ẹnu rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni kí ẹ ti bá àwọn PSP tó ń kó ilẹ̀ àdúgbò yín sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e. Bí wọn ò bá dá ọjọ́, ẹ sún iṣẹ́ náà síwájú títí wọ́n á fi dá a.

Bí agbára àdúgbò bá ká a, ẹ ṣe asẹ́ sí ibi tí gọ́tà yín ti já sí kánààlì. Ẹ ní kí wẹ́dà jó ọ̀pá irin pọ̀ ní ìdúró, kí àlàfo ààrin wọn gba ọwọ́ àgbàlagbà tó di ẹ̀ṣẹ́. Àlàfo tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ máa ń dí kíá, omi á sì wọ ilé onílé. Kí asẹ́ náà ṣeé yọ. Kí ẹ sì mọ ẹni tó máa lọ kó ohun tó bá há sí i lẹ́yìn gbogbo òjò, kí orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Asẹ́ tí kò ní olùtọ́jú léwu ju kó má sí asẹ́ lọ. Ẹ má sì ṣe é láìsọ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, torí gọ́tà ìjọba ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ya ike sọ́tọ̀, kó di owó

Àpò méjì ti tó fún ilé kan. Ọ̀kan fún ike àti ọ̀rá tó mọ́, èkejì fún ìdọ̀tí yòókù. Ilé tó bá ní àyè lè ní ẹ̀kẹta fún èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyókù oúnjẹ, èyí tó lè di ajílẹ̀ fún ẹni tó bá gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ẹ yí ìdí ike padà, ẹ máa rí òǹkà kan nínú àmì onígun mẹ́ta. 1 ni ti ìgò omi àti ti mínírà. 2 ni ti kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ. 4 ni ti ọ̀rá rírọ̀ bíi ti píọ̀ wọ́tà. 5 ni ti ọ̀pọ̀ ìdérí ìgò àti abọ́ tékàwéè líle. 6 ni ti fóòmù funfun tó máa ń rún. Àwọn tó ń ra bọ́lá máa ń tètè gba 1 àti 2, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó bá mọ́, tó gbẹ, tó sì pọ̀. Ẹ da omi tó kù nínú ìgò nù, ẹ yọ ìdérí rẹ̀ sọ́tọ̀ torí pé ike wọn yàtọ̀ síra, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ìgò náà pẹ̀lẹbẹ kó má baà gba àyè. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ẹ sá a gbẹ, ẹ kì í sínú àpò kan.

Ilé kan ṣoṣo ò lè rí owó tó jọjú níbẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Àmọ́ bí ojúlé mẹ́wàá bá pa tiwọn pọ̀, tí wọ́n gbé e fún Ìyá Ṣèyí tó ń ta ohun mímu ní igun àdúgbò láti bá wọn tọ́jú, ẹni tó ń ra bọ́lá á máa wá fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá náà mú nínú owó rẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ sì máa bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ti bárò kiri láti ṣa ike. Púpọ̀ nínú ike tí kò dé òkun láti Èkó, ọwọ́ wọn ló gbà á sílẹ̀.

Ẹ má ṣe sun ike. Èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ, eérú rẹ̀ sì tún ń wọ gọ́tà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjà àti tékàwéè

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé òun ti fòfin de abọ́ fóòmù funfun. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Agẹmọ 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà de sitiróò, kọ́ọ̀pù, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì oníke tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òfin wà, àmọ́ ọ̀rá dúdú ṣì kún ọjà. Ọwọ́ oníbàárà ni ìyókù wà.

Ẹ kó àpò aṣọ méjì tàbí mẹ́ta sínú báàgì tí ẹ ń gbé jáde. Bí ẹ bá ń lọ ra ẹran tàbí ẹja, ẹ gbé ike onídèérí láti ilé. Kí alátà tó na ọwọ́ sí ọ̀rá ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀: “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dà á sínú abọ́ mi, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rá ṣòfò.” Inú wọn máa ń dùn, torí owó ni wọ́n fi ń ra ọ̀rá. Lọ́dọ̀ olóúnjẹ náà, ẹ gbé kúlà yín dání.

Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ, ẹ padà sí ewé. Ewé eéran ni ìyá àwọn ìyá wa fi pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kò sì sẹ́ni tó jẹ ọ̀fàdà inú ewé tí á ní ti inú fóòmù dùn jù ú lọ. Ewé á jẹrà, ike ò ní jẹrà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ́ìlì, epo àti sókàwéè

Ọ́ìlì dúdú tí a tú kúrò nínú jẹnẹrétọ̀, gọ́tà ni ọ̀pọ̀ wa ń dà á sí. Ọ́ìlì díẹ̀ ló ń tẹ́ ojú omi tó pọ̀, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé fún ẹja, ó sì ń gbé àwọn èròjà olóró láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú ọ̀sà. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì kan tó ní ìdérí, ẹ kọ “ọ́ìlì dúdú” sí i lára kí ẹnikẹ́ni má fi ṣèèṣì pọn omi, kí ẹ máa fi àrọ (fọ́nẹ́ẹ̀lì) dà á sínú rẹ̀. Tó bá kún, ẹ gbé e fún mẹkáníìkì yín. Àwọn kan wà tó ń lọ káàkiri ọgbà mẹkáníìkì láti rà á.

Epo tí ẹ ti fi dín àkàrà títí ó fi dúdú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi eérú tàbí eruku pákó fà á mu, ẹ dì í dà sínú ìdọ̀tí ilé.

Sókàwéè ńkọ́? Àwọn kan máa ń dúró de òjò alẹ́ kí wọ́n tó ṣí i sí gọ́tà. Kò sí ohun tó burú tó èyí nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Kọ́lẹ́rà tó jà ní Èkó ní 2024 pa èèyàn, ìgbẹ́ tó ń wọnú omi ló sì ń tan àrùn náà kálẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Makoko tó jẹ́ pé orí omi yẹn ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá jẹ́ onílé, ẹ pe ọkọ̀ tó ń kó o kó tó kún. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ parapọ̀ dáwó, ẹ wá bá láńlọ́ọ̀dù pẹ̀lú ohùn kan: “Bàbá, a ti kó ìpín tiwa jọ, tiyín là ń retí, ẹ jọ̀ọ́ sà.”

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹja tí ẹ ń rà

Ẹ má ra ọmọ ẹja. Bí ẹ bá rí epìyà tàbí ọ̀bọ̀kún tí kò gùn ju ìka lọ lórí igbá, ẹ̀fọn ni wọ́n ṣe irú àwọ̀n tó kó o fún, ẹja náà ò sì tíì bímọ rí. Ẹ bi ìyá ẹlẹ́ja pé, “Ibo ni wọ́n ti pa á, Màámi?” Bí oníbàárà bá ń béèrè léraléra, ìròyìn á dé etí apẹja. Ẹyin ìjàpá òkun àti ẹran rẹ̀, ẹ má rà á rárá. Bí ẹ bá rí èyí tó gòkè lóru láti yé ẹyin sétíkun, ẹ pa iná fóònù, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ajá sún mọ́ ibi tó yé e sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí nínú iṣẹ́ ẹja, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa ò gba ọkọ̀ apẹja ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ omi láàyè láti ṣiṣẹ́ láàárín máìlì ojú omi 5 sí etíkun. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ni ibẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà àti àkókò, kí ẹgbẹ́ apẹja gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹja.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ bá ń lọ ṣa ìdọ̀tí etíkun

Ọjọ́ Sátidé kẹta nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ìmọ́tótó etíkun kárí ayé, láti 1986 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Òkun Àgbáyé sì jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Òkúdù. Ẹ lè yan ọjọ́ tiyín. Ẹ lọ nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìgbì ń gbé ìdọ̀tí dé, kí ẹ máa lọ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi, ìgbì wa ń fa èèyàn lọ. Bó bá jẹ́ Tarkwa Bay lẹ ń lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi. Abẹ́rẹ́ àti ìgò fífọ́, inú ike líle ni kí ẹ kó wọn sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Kí ẹ sì ti mọ ọkọ̀ tó máa gbé àpò yín kúrò ní etíkun, torí òkìtì àpò tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀, ìgbì máa ń padà wá gbé e.

Bí ẹ bá ń kọ́lé

Láàárín 1908 sí 1912, wọ́n kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọ̀sà, kí iyanrìn má baà dí i. Òkun ibí yìí máa ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri dá iyanrìn dúró sápá ìwọ̀-oòrùn, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà tó mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí àìsí iyanrìn lè dá sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí bí wọ́n bá ń wa iyanrìn etíkun fún ilé kíkọ́. Ẹ bi onítípà ibi tó ti wa iyanrìn. Ti etíkun ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn á sì jẹ irin inú kọnkéré yín.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ gbé fọ́tò yẹn lọ sípàdé

Fọ́tò tí ẹ yà lójú ọ̀nà gọ́tà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ onílé tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ẹ kí àwọn àgbà, ẹ na fọ́tò sí wọn, ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà, bí ìdérí gọ́tà tó fọ́ tàbí ọjọ́ tí PSP ń wá. Tó bá di ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹ béèrè òmíràn. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń da ilẹ̀ lóru, ẹ kọ lẹ́tà sí LAWMA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ìdọ̀tí, kí alága fọwọ́ sí i, kí ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ lẹ ọjọ́ tí ọkọ̀ ilẹ̀ ń wá mọ́ géètì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìdọ̀tí síta ṣáájú ọjọ́ náà.